Ẹni Tó Ba Ọkọ̀ Ìjàpá Rẹ Jẹ́

Ilé wa, Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àyílà.

Mọ́rúfù Àkànní, ọmọ mi,

Mi ò ní kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà rẹ. Bí ara rẹ bá le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí kò bá le, fara dà á títí màá fi sọ tèmi tán. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, mi ò kọ lẹ́tà sí ọ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà àkọ́kọ́ o ní kí n jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Nígbà kejì o ní o wà lẹ́nu iṣẹ́, o sì gé e mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́tà kò ṣeé gé mọ́ èèyàn lẹ́nu. Bí o bá ká a sápò, inú àpò náà ni yóò ti máa dúró dè ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi wá bébà, tí mo wọ awò, tí mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí o bá rí i pé mo pa ọ̀rọ̀ rẹ́ níbì kan, má rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ohun tí ojú mi rí láàárín ọjọ́ mélòó kan yìí ni kò tíì kúrò lára mi.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń ṣe àlùwàlá lójúde nígbà tí ọ̀kadà kan dúró. Kúdírátù, ìyàwó rẹ, ló sọ̀ kalẹ̀. Báàgì kan wà léjìká rẹ̀, ó sì gbá páálí kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mo rò pé ẹnì kan ti kú nílé yín ní Mòníyà. Ìyá rẹ tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé sáré jáde tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́. A jọ ń bi í pé ṣé kò sí o? Ó kúnlẹ̀ kí wa, kò sunkún, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó gbé páálí náà kalẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ní kí n gbé e lọ, kí n má padà àfi tó bá rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Mo wá rò ó pé iṣẹ́ yín ni."

Mo ṣí i. Ọkọ̀ ìjàpá ni, ọkọ̀ ike kékeré tí ọ̀rẹ́ rẹ kó wá fún ọ láti òkè òkun ní ẹ̀yà ẹ̀yà, èyí tí o ti ń fi ọ̀bẹ gé, tí o ń fi sáńpépà ha, tí o ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ láti bí oṣù méjì. Ara rẹ̀ ti wọ́. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ wọnú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yọ ikùn síta, imú rẹ̀ sì gbé sókè bí ẹni tó gbóòórùn ohun tí kò fẹ́. Mo gbé e lé ìdí rẹ̀ tó wà nínú páálí náà, ìdí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára rẹ̀, kò jókòó. Bí iwájú bá wọlé, ẹ̀yìn á yọ. Mo bi ìyàwó rẹ pé ṣé nítorí èyí ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Àkànní, mo ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Mo ti rí ọkùnrin tó bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí oúnjẹ, nítorí àna, nítorí ọmọ. Mi ò tíì rí ẹni tó lé ìyàwó oṣù márùn-ún jáde nítorí ọkọ̀ tí aláǹgbá méjì ò lè wọ̀ pọ̀. Ẹnu mi ò lè pa dé. Ìyá rẹ ní kí n jókòó, mo ní mi ò jókòó. Omi àlùwàlá gbẹ sí mi lára, mo ní láti tún un ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí. Obìnrin tí ọkọ bá lé, ilé bàbá rẹ̀ ló máa ń lọ. Ìyàwó rẹ mọ ọ̀nà Lálúpọn. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta wà níbẹ̀, kò sì sí onísùúrù nínú wọn. Ká ní ibẹ̀ ló gbé páálí yẹn lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di ti mọ̀lẹ́bí, àwọn àgbà ì bá ti jókòó lé e lórí, ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ rẹ ì bá ti di ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Ilé wa ló wá. Obìnrin tó bá gbé ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ, kò tíì fẹ́ lọ ni. Orí rẹ ló bá ọ ṣe é, má fi ọwọ́ ara rẹ bà á jẹ́.

Èkejì: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwọ ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan. Ìyàwó rẹ ní bí o ṣe ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tuntun rẹ dé lọ́jọ́bọ̀ yẹn, o rí ọkọ̀ náà, o bi í pé ta ló ṣe é. Ó dákẹ́. O tún bi í, ó tún dákẹ́. O wá ní ẹni tó dákẹ́ ló jẹ̀bi. Ta ló kọ́ ọ nírú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ti dá irú rẹ̀ rí, màá sì sọ ọ́ fún ọ nígbà tí mo bá dé ibẹ̀. Níbi iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí yìí, wọ́n á fi àwọn èèyàn sábẹ́ rẹ. Bí o bá ń ka ìdákẹ́ sí ẹ̀bi, o máa fi ìyà jẹ àwọn tó ń bo àṣírí ẹlòmíràn, àwọn aṣebi á sì máa fi ẹnu dídùn jẹun lọ́dọ̀ rẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi àti Kúdírátù gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ ní Adégbàyí, níbi tí mo ti fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún tún ara ọkọ̀ ṣe. Mo ní èmi tí mo ti na ọkọ̀ akẹ́rù tó forí sọ igi, kí ni ti ike? Ìgbéraga nìyẹn, ìwọ náà sì jogún rẹ̀. Mo kọ́kọ́ mú òòlù kékeré. Bí mo ṣe kàn án báyìí, ó dún bí ohun tó fẹ́ sán, mo tètè gbé òòlù sílẹ̀. Mo wá ní iná ló kù. Mo gbé kẹ́tù ka sítóòfù, omi hó yaa, mo dà á lé e lórí. Aúsùbílàhì, ó ká jọ lójú mi. Ẹ̀gbẹ́ tó yọ ikùn wọlé, ó tún gba ibòmíràn jáde, ìbòrí táyà iwájú lápá òsì sì rún jọ.

Ojú tì mí gan-an. Kúdírátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹjú mọ́ ọkọ̀ náà. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí ọkọ̀ yìí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, òun ò nílé ọkọ mọ́ nìyẹn. Àkànní, o gbé ilé obìnrin lé orí ike. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀ ni mo tó mọ bí ohun tí o sọ ṣe wúwo tó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó dájú pé ìbínú lo fi sọ ọ́, pé o ò rò ó délẹ̀. Ẹni tí o sọ ọ́ fún rò ó délẹ̀ ní tirẹ̀, ó sì ń gbé inú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo gbé ìgbéraga mi sápò, mo lọ bá obìnrin kan tó ń lẹ kẹ́ẹ̀gì àti báàfù tó bá fọ́ ní ìkóríta. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọjá lára rẹ̀, mi ò ka ohun tó ń ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ rí. Ó yí ọkọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí bóyá mo bá a jà ni. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi. Omi tó ń hó máa ń pa ike, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ kò sì ràn án. Omi tí ọwọ́ lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè pẹ́ níbẹ̀ ni kí n wá. Kí n ri ara ọkọ̀ sínú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ díẹ̀, kí n gbé e lé ìdí rẹ̀, kí n fi rọ́bà inú túúbù dì í mọ́ ọn, kí n má fún un jù. Bó ṣe wà ní dídì yẹn, kí n gbé e sínú omi tútù, kí n má sì tú u títí di ọjọ́ kejì. Bó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, kí n tún un ṣe. Ó ní ohun tó ń ba iṣẹ́ òun jẹ́ jù ni ẹni tó bá fẹ́ tú u wò kó tó tutù.

Èyí ló di ìmọ̀ràn kẹta, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Inú mi ti bí mi rí débi pé mo lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ oníbàárà kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, torí pé ó kọ̀ láti tẹ́jú. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé irin tí wọ́n bá lù jù máa ń gùn sí i, kò ní bá àyè rẹ̀ mu mọ́ láéláé. Ilẹ̀kùn tí mo kúkú fẹ́ tún ṣe, èmi ni mo sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń jù nù. Bí inú bá ń bí ọ, jáde nílé, lọ sí mọ́ṣáláṣí, lọ bomi sórí. Má fọwọ́ kan nǹkan kan, má sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni mo jókòó sẹ́yìnkùlé wa pẹ̀lú báàfù méjì, omi gbígbóná nínú ọ̀kan, omi tútù nínú èkejì. Kúdírátù ń bá mi gé rọ́bà túúbù ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Mò ń fi àtàńpàkò wọ́ etí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe sí ọkọ̀ gidi, torí ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ yìí ju ojú mi lọ. Mo bá kan nǹkan kan. Etí ọ̀tún ga, ó jìn, ó tún ga. Mo yí i sí òsì. Òun náà ga, ó jìn, ó tún ga, níbi kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ wa, tó bá wo ọkọ̀, yóò mọ̀ bóyá ògiri ló gbá tàbí màlúù. Èyí kì í ṣe àmì ìṣubú, omi gbígbóná mi kọ́ ló sì ṣe é. Àmì páànù ni. Ẹnì kan ló gbé ọkọ̀ yìí lé orí páànù nínú oòrùn.

Mo bi Kúdírátù pé ibo ni páànù wà nílé yín. Ó ń gé rọ́bà lọ. Mo tún bi í. Ó ní ká dì í kí omi má baà tutù. Mo wá ń ro ilé rẹ. Òrùlé ga, ọwọ́ ò tó o. Ilé adìẹ tó wà lẹ́yìn fèrèsé ìdáná nìkan ni páànù rẹ̀ wà nílẹ̀. Bí mo ṣe rántí ilé adìẹ yẹn, ọkọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi.

Àkànní, èmi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, tí mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún yín, o ti lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ. Kúdírátù wà ní ìdáná. Mo jókòó sí pálọ̀, mo rí ọkọ̀ náà lórí tábìlì, mo gbé e yẹ̀ wò. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi náà ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Mo fọwọ́ kan ọ̀dà eléérú tí o kọ́kọ́ fín sí i, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ọkọ̀ tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá gbẹ, inú oòrùn là ń tì í sí. Mo gbé e jáde, mo gbé e lé orí páànù ilé adìẹ, mo kọjú rẹ̀ sí oòrùn ọ̀sán gangan. Ńṣe ni mò ń rò pé mo ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo lọ kírun Àyílà, mo pàdé ojúlùmọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ lọ́nà ibí, ó ní kí n wọlé. Mo pe Kúdírátù lórí fóònù pé mo ti ń lọ. Mi ò rántí ọkọ̀ náà mọ́. Nígbà tí mo ṣí páálí náà lọ́jọ́bọ̀, mi ò rántí. Nígbà tí mò ń bú ọ lọ́kàn mi, mi ò rántí. Láyé mi, oòrùn kò ba ọkọ̀ jẹ́ rí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà tí mo wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo mú kí orí ọmọ wọ́.

Mo bi ìyàwó rẹ bóyá ó mọ̀. Ó ní òun rí mi láti ojú fèrèsé ìdáná, òun rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tí òun jáde lọ́wọ́ Alásàárì láti gbé e wọlé, ó ti wọ́. Mo ní kí ló dé tí o kò sọ fún ọkọ rẹ? Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í nídìí tí a fi ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n fẹjọ́ bàbá ọkọ mi sun ọkọ mi ni?"

Ẹnu yà mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí omi gbígbóná náà tutù. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ohunkóhun tí òbí ọkọ bá ṣe nínú ilé rẹ̀, ojú lè rí i, ẹnu ò gbọdọ̀ sọ ọ́. O lé e jáde nítorí ohun tí èmi ṣe. Ó gbé e wá fún ẹni tó ṣe é, ó ní kó bá òun tún un ṣe, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan gún un. Ó tún ń bá a gé rọ́bà. Ọmọ mi, mo ti rí ọkọ̀ tó yí gbirigbiri sínú kòtò, ìyẹn kò bà mí lẹ́rù tó ọmọbìnrin yìí lọ́jọ́ náà.

Mo dìde láti lọ mú fóònù kí n pè ọ́. Ó kúnlẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ má tíì sọ fún wọn, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá wọ́n á wá nígbà tí wọ́n ṣì rò pé èmi ni." Mo ní títí dìgbà wo? Ó ní títí di Jímọ̀. Mo gbà fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ Ajé tí mo kàn ní kí o wá, wá, wá, tí mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ìpè tí o gé nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kadà bá ti dún lójú títì, á gbé orí sókè. Ìyá rẹ rí i, èmi náà rí i, a kàn ń ṣe bí ẹni pé a ò rí i. Lánàá tó jẹ́ Jímọ̀, mo gbé àga síta láti ìgbà tí mo ti kírun dé títí di Mògàríbì. Mòníyà sí Ẹgbẹ́dá kì í ṣe ìrìn àjò Mẹ́kà. O ò wá.

Mo ṣèlérí pé màá sọ tèmi. Mi ò mọ ìmọ̀ràn kẹlòó nìyí mọ́, ṣùgbọ́n òun ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà má sáré kà á. Nígbà tí ìyá rẹ lóyún ẹ̀gbọ́n rẹ, mo ní òòlù kan tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́ṣẹ́ tán tí mo ṣe fúrídọ̀mù. Ààwẹ̀ ku ọ̀la, òòlù di àwátì. Ìyá rẹ ló gbá ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní òun ló gbá a dànù mọ́ ìdọ̀tí. Ó ní òun ò rí i. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Tòun toyún ló ń jí dáná sààrì, á gbé e síwájú mi, màá jẹ ẹ́ láì wojú rẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ ku bí ọjọ́ mẹ́ta kó pé, mo rí òòlù náà nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi. Mo ní háà, èmi ni mi ò wá a dáadáa. Ìtìjú mú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò sọ fún un pé mo rí i. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún.

Ọjọ́ Àìkú yẹn náà, lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ pé èmi ni mo ba ọkọ̀ rẹ jẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lọ bá ìyá rẹ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ní mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo sọ ọ̀rọ̀ òòlù. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Oníbàárà yín kan nígbà náà, ará Ọ̀nà-Àrá tó ni ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, ló rí i lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí ẹ gbàgbé ẹ̀ sí. Ó mú un wá nígbà tí ẹ lọ kírun. Èmi ni mo fi sínú àpótí yín, kí ojú má baà tì yín."

Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Gbogbo ìgbà tí mò ń pariwo pé èmi ni mò ń bo ilé yìí, obìnrin ló ń bò mí. Bàbá rẹ nìyẹn, ìwọ náà sì nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ ṣì ní àyè. Ohun tí mo fi ogójì ọdún gbé mì, má gbé e mì. Tí o bá ṣẹ̀, fi ẹnu sọ ọ́. Má fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ bò ó, má ra nǹkan wálé láti fi dípò rẹ̀, má sì dúró kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo bẹ ìyá rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ó ti tán. Mo ní kò tán, jẹ́ kí n bẹ̀ ọ́ dáadáa. Ìgbà náà ló tó dáwọ́ ẹ̀wà dúró, tó sì sunkún.

Ìwọ náà, Àkànní, mo bẹ̀ ọ́. Èmi ni mo ba iṣẹ́ oṣù méjì rẹ jẹ́. Mo mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ṣe ń dunni, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí mo tilẹ̀ fi aláǹgbá ṣàwàdà lókè. Bí mo bá tún wá sílé rẹ, gbé gbogbo ohun tí kò bá jẹ́ irin kúrò níwájú mi. Ṣùgbọ́n inú tó bí ọ sí ìyàwó rẹ, èmi ni kó bí sí, kí a sì wò ó bóyá o máa lè lé mi jáde.

Ọkọ̀ náà ti tọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a dì í, òru kan kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí obìnrin oníkẹ́ẹ̀gì ti wí. Lọ́jọ́rú ni mo tú rọ́bà ìkẹyìn. Òrùlé ti gbé sókè, ikùn ti wọlé, ó sì jókòó sórí ìdí rẹ̀ láìyọ níbì kan. Ìbòrí táyà iwájú lápá òsì nìkan ló ṣì rún díẹ̀, èmi àti kẹ́tù mi la ṣe ìyẹn. O lè fi pọ́tì dí i. Nítorí náà ohun tí o ní kí ó ṣe kó tó padà, ó ti ṣe é. Láti Ọjọ́rú ló ti lè gbé e lọ́wọ́ kó máa lọ sílé rẹ. Kò lọ. Mi ò sì sọ pé kó lọ.

Bí o bá ń bọ̀, má kó àgbà kankan dání, má sì rán ẹnikẹ́ni. Má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, má tilẹ̀ wo apá ibi tó wà. Má sọ pé ká ní o mọ̀ ni. Ká ní mo mọ̀ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ẹjọ́ ni èèyàn ń rò bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a máa ń fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ìwọ fi méjèèjì tì í síta. Òun ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Èmi àti ìyá rẹ lè dúró de ìkíni.

Mo rò pé mo ti parí. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo bá a ṣe àdéhùn, tí mo sì ń tú àṣírí tó ní kí n bá òun pa mọ́, mo pe Kúdírátù, mo fún un ní lẹ́tà yìí kí ó kà á kí n tó fi ránṣẹ́. Ó jókòó sórí àkéte lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kà á tán, ó tún padà ka ojú ewé kan. Mo bi í bóyá mo sọ ohun tí kò yẹ. Ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, Bàbá. Mo mọ̀ pé wọ́n á wá báyìí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọn ò fi wá yẹn ni mo ń rò."

Mo ti wá inú mi títí, Àkànní. Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan lórí ìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá dá a lóhùn.

Bàbá rẹ,
Àlàbí.